Katakata Aláwọ̀ Eérú: Ìtàn Ferguson TE20 àti Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀

Láàrin ọdún 1946 sí 1956, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Banner Lane, ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe katakata kan tí iye rẹ̀ lé ní 500,000, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú látòkè délẹ̀, tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ferguson TE20. Katakata, ìyẹn ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀, tí ó fi ń kọ ebè, tí ó sì fi ń wọ́ ẹrù láti oko wá sílé, jẹ́ ohun tí wọ́n ń rà fún iṣẹ́, tí wọ́n sì ń jù sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Ireland àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń ra Ferguson àtijọ́ lónìí, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n ń wà á jáde lọ bá ẹgbẹ́ wọn, tí wọn kò sì retí èrè kankan níbẹ̀ ju ìdùnnú lọ. Ìtàn ẹ̀rọ náà fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é lọ́nà tí àgbẹ̀ tí kò lówó púpọ̀ fi lè rà á, tí ó sì fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ìwà tí wọ́n dá mọ́ ọn yìí náà ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè fi ṣe afẹ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ oko ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Ferguson tó dé, ẹṣin ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Bìrìtéènì àti Ireland fi ń túlẹ̀. Àwọn katakata tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀, bí irú Fordson tí Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1917, rọ́pò ẹṣin lásán ni, nítorí pé ẹ̀wọ̀n tàbí ọ̀pá irin kan ni wọ́n fi ń so ohun èlò ìtúlẹ̀ mọ́ wọn nídìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń so ó mọ́ ẹranko tẹ́lẹ̀. Ìṣòro méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé katakata ní láti wúwo gan-an kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ìwúwo yìí sì máa ń ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé gbòǹgbò irúgbìn kò ní ráyè wọlẹ̀ dáadáa. Èkejì, tí ó burú jù ú lọ, ni pé bí ohun èlò ìtúlẹ̀ bá há mọ́ àpáta tàbí kùkùté lábẹ́ ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í dúró. Agbára tí kò rí ọ̀nà lọ síwájú yóò gbé imú katakata sókè, títí yóò fi dojú dé lé awakọ̀ lórí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó sì kú bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí ni Harry Ferguson, tí wọ́n bí ní ọdún 1884 ní Growell, ní agbègbè County Down ní àríwá Ireland. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko ilé bàbá rẹ̀ sú u, ó sì lọ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé àtúnṣe ọkọ̀ ní ìlú Belfast. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1909, ó fò nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó fúnra rẹ̀ kàn, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ òfuurufú ní Ireland. Ní ọdún 1911 ó dá ilé ìtajà ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní sì ń lọ lọ́wọ́, ó ń ta katakata Overtime tí wọ́n ṣe ní ìlú Waterloo, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1917 ìjọba rán an káàkiri Ireland pé kí ó máa fi bí wọ́n ṣe ń lo katakata dáadáa han àwọn àgbẹ̀, kí oúnjẹ má baà wọ́n nígbà ogun. Òun àti Willie Sands, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n jọ rin ìrìn-àjò náà, ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì ti rí i gbangba pé ibi tí katakata àti ohun èlò ti so mọ́ra ni àléébù náà wà.

Ní ọdún 1926 Ferguson gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun tuntun tí ènìyàn hùmọ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á lò láìgbàṣẹ, fún ètò kan tí yóò so ohun èlò mọ́ katakata, tí yóò sì máa fúnra rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n bí ohun èlò náà yóò ti jìn wọlẹ̀ tó. Nígbà tí ètò náà pé tán, apá irin mẹ́ta ni ó ní: méjì nísàlẹ̀ tí ó ń fa ohun èlò, ọ̀kan lókè tí ó ń gba ìtìsíwájú nígbà tí ilẹ̀ bá ń dènà ohun èlò náà. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí ó ń fún òróró pọ̀ pẹ̀lú agbára kí ó lè gbé àwọn apá náà sókè tàbí kí ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, apá òkè yóò tì síwájú, òróró yóò sì gbé ohun èlò náà sókè díẹ̀, ìwúwo ohun èlò àti ti ilẹ̀ tí ó ń yí yóò wá tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn katakata mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá òkè kan náà ń tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà gbéra. Nítorí èyí, katakata kékeré tí kò wúwo lè ṣe iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé èyí tí ó tóbi jù ú lọ ni ó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bí ohun èlò bá sì há mọ́ àpáta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò kàn máa yí lójú kan ni, awakọ̀ kò sì ní fara pa.

Ní ọdún 1933 Ferguson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ parí katakata àpẹẹrẹ kan tí wọ́n kùn ní dúdú láti fi dán ètò náà wò, láti ọdún 1936 sí 1939 sì ni ilé iṣẹ́ David Brown ní ìlú Huddersfield bá a ṣe oríṣi tí wọ́n pè ní Type A, tí iye rẹ̀ kò ju 1,400 lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1938 ó gbé ọ̀kan nínú wọn lọ sí Dearborn ní Amẹ́ríkà, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ han Henry Ford, àwọn méjèèjì sì bọ ara wọn lọ́wọ́ láìkọ ìwé àdéhùn kankan pé àwọn yóò jọ ṣiṣẹ́. Katakata tí ó ti ibẹ̀ jáde ní ọdún 1939, tí wọ́n pè ní 9N, tà gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọmọ Henry Ford gba àkóso ilé iṣẹ́ náà, ó fòpin sí àdéhùn ẹnu yìí ní ọdún 1947, ó sì ṣe katakata mìíràn tí ó ní ètò Ferguson lára. Ferguson pe ẹjọ́, ní ọdún 1952 sì ni ilé iṣẹ́ Ford gbà láti san mílíọ̀nù 9.25 dọ́là fún un.

Kí ẹjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ ni Ferguson ti dá ṣíṣe katakata sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ Standard Motor Company ní ọgbà ńlá kan ní Banner Lane tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó sì ṣófo lẹ́yìn ogun, ibẹ̀ sì ni TE20 ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1946. Ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà kan, Continental, ni wọ́n kọ́kọ́ lò, kí Standard tó fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni TED20 dé, tí wọ́n ń fi epo bẹntiróòlù tan ná, tí wọ́n sì ń yí sí epo olówó pọ́ọ́kú kan tí ó sún mọ́ kẹrosíìnì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná; ní ọdún 1951 TEF20 tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e. Àwọn lẹ́tà yìí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára pátákó irin pẹlẹbẹ kan ní iwájú awakọ̀, ni àwọn olólùfẹ́ katakata fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti irú ẹ́ńjìnnì tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀.

Ìrọ̀rùn lílò ni Ferguson fi ṣáájú nínú ohun gbogbo. Ọ̀pá jíà kan náà tí awakọ̀ fi ń yan eré ni ó fi ń ta ẹ́ńjìnnì jí, nítorí náà kò sẹ́ni tí ó lè ṣèèṣì tan katakata náà nígbà tí ó bá wà nínú jíà. Sípánà tí ó bá a wá ní àmì ínṣì lára, kí àgbẹ̀ lè fi wọn ìbú poro tí ó fẹ́ là. Wọ́n tún dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Stoneleigh Abbey, nítòsí Coventry, níbi tí àwọn oníṣòwò, mẹkáníìkì àti àgbẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹ̀rọ yìí ní kò mọ sí oko: ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1958, Edmund Hillary, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wa katakata Ferguson kọjá orí yìnyín Antarctica dé ìkangun ayé níhà gúúsù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ ilẹ̀ yóò débẹ̀, orílẹ̀-èdè New Zealand sì ya àwòrán irú katakata náà sára owó bébà dọ́là márùn-ún rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1953 ilé iṣẹ́ Ferguson dara pọ̀ mọ́ Massey-Harris ti ilẹ̀ Kánádà, èyí tí ó di Massey Ferguson, ní ọdún 1956 sì ni oríṣi tuntun rọ́pò TE20. Bí katakata ti ń tóbi sí i láàrin ọdún 1960 sí 1980, èyí àtijọ́ di ohun tí wọ́n fi ń gbá ìgbẹ́ màlúù tàbí tí wọ́n fi ń wọ́ igi ìdáná, ọ̀pọ̀ sì jókòó sínú abà títí tí ó fi dógùn-ún. Ní àkókò náà, àṣà títọ́jú ẹ̀rọ oko àtijọ́ ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ní ọdún 1950, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Arthur Napper fi tirẹ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sáré ìje ní Appleford, ọtí bíà sì ni wọ́n fi ta á. Eré yìí fa èrò, àwọn ìpàtẹ mìíràn tẹ̀ lé e, nígbà tí ó sì di ọdún 1969 wọ́n dá Great Dorset Steam Fair sílẹ̀, tí ó wá di ọ̀kan nínú èyí tí ó tóbi jù lọ. Ẹ̀rọ olóoru wọ́n, ó tóbi, ó sì ń fẹ́ òṣìṣẹ́ púpọ̀. Katakata kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn tí agbára wọn kò ká ti olóoru yà sọ́dọ̀ katakata, Ferguson sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó pọ̀, kò wọ́n, ohun èlò àtúnṣe rẹ̀ kò sì ṣòro rí.

Ìgbádùn wọn pín sí oríṣiríṣi. Àwọn kan ń lọ síbi ìdíje ìtúlẹ̀, níbi tí àwọn adájọ́ ti ń wo bí poro ṣe gún, bí ó ṣe jìn dọ́gba, àti bí koríko ṣe bò mọ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn mìíràn ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ọ̀nà ìgbèríko, tí wọ́n ń fi ìrìn bẹ́ẹ̀ kówó jọ fún ilé ìwòsàn tàbí fún aláìní. Àwọn kan a máa wá àwọn ohun èlò tí wọ́n ń so mọ́ katakata kiri ní ibi gbàǹjo, nítorí pé wọ́n fẹ́ ní gbogbo oríṣi tí Ferguson tà. Ní ọdún 2007, ní Cooley ní Ireland, katakata àtijọ́ tí ó lé ní 4,500 ni ó jọ túlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú pápá. Nínú irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀, àgbà tí ó ti wa Ferguson ní ọmọdé ni ó ń kọ́ ọ̀dọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tí kò dúró ire, ìmọ̀ náà sì ń tọwọ́ dọ́wọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni sanwó ilé ìwé.

Àríyànjiyàn kan kò tíì tán láàrin wọn. Apá kan gbà pé ó yẹ kí a tú katakata palẹ̀, kí a ha ìdógùn-ún rẹ̀ kúrò, kí a sì kùn ún lọ́dà títí yóò fi dán bí ìgbà tí ó kúrò ní Banner Lane. Apá kejì sọ pé ọ̀dà tuntun ń pa ẹ̀rí rẹ́, pé ibi tí ọwọ́ awakọ̀ ti jẹ ọ̀pá jíà àti ibi tí alágbẹ̀dẹ abúlé ti jó irin mọ́ apá tí ó ṣẹ́ jẹ́ ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan, àti pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó yẹ kí a tún ṣe. Ọ̀rọ̀ àwọn kejì lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ ju ti àwọn èkíní lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè kun katakata lọ́dà nígbàkígbà, ṣùgbọ́n àmì iṣẹ́ tí ó bá ti parẹ́ kò ní padà wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Massey Ferguson jẹ́ orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa ní Nàìjíríà, apá irin mẹ́ta tí Ferguson hùmọ̀ sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ katakata tí ń túlẹ̀ láti Ṣakí dé Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní nǹkan bí ọdún 1960, katakata wà lára ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, èyí tí ó bá ti bàjẹ́ sábà máa ń dùbúlẹ̀ sínú igbó títí tí àwọn oní-irin yóò fi gé e tà ní kílò, ìmọ̀ àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n tún un ṣe láyé ọjọ́un sì ń bá wọn lọ. Ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, pàápàá Moor Plantation ní Ìbàdàn tí iṣẹ́ ìwádìí àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1899, tọ́jú ó kéré tán ọ̀kan nínú oríṣi katakata àtijọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé ìtọ́ni rẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn àgbà mẹkáníìkì wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ kí ìmọ̀ wọn tó parẹ́. Owó tí èyí yóò náni kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí a fi ra àwọn ẹ̀rọ náà.