Omi Lọ, Ó Fi Nǹkan Sílẹ̀: Láti Ògùnpa Dé Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán

Ọ̀rọ̀ ti òní gùn díẹ̀, ẹ fi sùúrù kà á. Ẹ̀ ń rí bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Ọ̀yọ́ wa níbí, àgbàrá ń gbé pàǹtí gba ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán kọjá. Àwọn ìyá ọlọ́jà kan ti ń bi wá pé bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, ṣé àwọn lè máa pọn omi kàǹga àwọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Odò Ògùnpa kún, ó ya wọ àárín ìlú, ó kó ilé, ó kó ọjà, ó gbé èèyàn lọ. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà wa nígbà náà, Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àkọsílẹ̀ tó wọ́pọ̀ sọ pé àwọn tó kú tó 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Odò yìí kan náà ti ṣe é ní 1960, ní 1963, ní 1978. Ilé ti gba ojú ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀-nù ti dí i lọ́fun. Ibo ni ẹ fẹ́ kó gbà?

Àwọn tó gbọ́njú nígbà náà, bí ẹ bá dárúkọ Ògùnpa fún wọn, òkú àti mọ́tò tí omi gbé ni wọ́n máa sọ fún yín. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ kàǹga kò wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kàǹga àti ṣáláńgá ló kún inú agbo ilé Ìbàdàn ìgbà yẹn. Tí àgbàrá bá bo méjèèjì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi kan ṣoṣo ni wọ́n di. Àrùn onígbáméjì tí ń jẹ́ kọ́lẹ́rà kì í sì í ṣe àlejò mọ́ lọ́dún náà, torí ìparí 1970 ló ti wọ Nàìjíríà. Lọ́dún 1971 nìkan, ó mú èèyàn tó lé ní 22,000 nílẹ̀ yìí, ó sì pa nǹkan bí 2,900 nínú wọn. Ẹ ò rí i pé omi tó pa èèyàn lójú gbogbo ayé àti omi tó ń pa á nínú kete kì í ṣe ọ̀tọ̀.

Ta ló wá yẹ kó máa wá irú ewu bẹ́ẹ̀ kiri? Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n: wọlé-wọlé! Dókítà Isaac Ládiípọ̀ Olúwọlé ló dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí sílẹ̀ ní Yábàá, láti kọ́ àwọn wọlé-wọlé níṣẹ́. Wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, wọ́n á yọjú sí ṣáláńgá, wọ́n á wo ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n le o, wọ́n ń gbé èèyàn lọ sí kóòtù, àwọn ìyá wa sì ń sá ìkòkò pamọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn dára: níbo ni ìdọ̀tí ti ń pàdé ẹnu èèyàn?

Àwọn ará kan lè sọ pé, Pásítọ̀, kí ló kan ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú èyí? Ẹ ṣí Léfítíkù orí 14. Àlùfáà ni Ọlọ́run rán lọ wo ilé tí ohun aláwọ̀ ewé tàbí pupa hù lára ògiri rẹ̀. Òun ló ń ti ilé náà fún ọjọ́ méje, tó ń padà wá wò ó, tó ń ní kí wọ́n ha ògiri, kí wọ́n yọ òkúta ibẹ̀ dànù. Àbí iṣẹ́ wọlé-wọlé kọ́ nìyẹn? Ní London, lọ́dún 1854, kọ́lẹ́rà pa èèyàn tó lé ní 600 ládùúgbò kan tí ń jẹ́ Soho. Dókítà John Snow sọ pé omi ẹ̀rọ tó wà ní Broad Street ló fà á. Àlùfáà àdúgbò náà, Henry Whitehead, kò kọ́kọ́ gbà. Ló bá ń lọ láti ilé dé ilé, torí ó mọ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé ìyá ọmọ kan tó ń ṣu gbuuru ti ń da omi tó fi fọ ìlédìí ọmọ náà sínú kòtò ẹ̀gbin kan, kòtò náà kò sì jìnnà tó mítà kan sí kàǹga. Snow ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n Whitehead ló mọ ẹni tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbẹ́ nìkan ni omi ń gbé o. Nígbà tí ìjì Katrina bo New Orleans ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ ọdún 2005, táǹkì epo rọ̀bì kan jò sínú àgbàrá, epo náà sì wọ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Kòkòrò inú omi iyọ̀ gba ojú ọgbẹ́ wọ ara àwọn mìíràn, èèyàn márùn-ún kú nínú àwọn tí àrùn náà mú. Ẹ wo nǹkan: àwọn ará ibẹ̀ lè se omi kó hó, kòkòrò á kú, ṣùgbọ́n sísè kì í yọ epo kúrò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kéèyàn mọ ohun tó bọ́ sínú omi kó tó sọ pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Áálọ́ọ̀mù táwa Yorùbá fẹ́ràn, ó ń jẹ́ kí omi mọ́ lójú ni. Kì í pa kòkòrò kọ́lẹ́rà.

Ìbàdàn tún rí i ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi. Ó lé ní 100 èèyàn tó kú, afárá Apẹ̀tẹ̀ já, omi ba nǹkan jẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 láti fi dènà omíyalé níbẹ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n afárá àti ojú odò la máa ń gbọ́ jù. Kàǹga inú agbo ilé, onílé ló ni ín.

Ó wá kan Akẹ̀sán. Ẹ̀yin ìyá wa, bí àgbàrá bá ti gorí ẹnu kàǹga yín, ẹ má pọn ọ́n mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́n ọn, kí wọ́n da kúlóríìnì sí i ní ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ, kí wọ́n sì yẹ omi náà wò. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn àárín rẹ̀ àti ṣáláńgá. Mítà 30 ni wọ́n máa ń fẹ́. Ẹ bi ara yín pé ta ló ń tún mọ́tò ṣe lókè yín, ta ló ń ta oògùn apakòkòrò, níbo ni wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran sí. Èlùbọ́ tí àgbàrá kàn, ẹ má sá a kẹ́ ẹ tún padà tà á. A mọ̀ pé owó ni, ó sì dunni. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn òjò, ẹ wo inú táyà àti agolo, torí àgbàrá á kọ́kọ́ ṣàn tanwíji lọ, omi tó bá dúró lẹ́yìn náà ni ẹ̀fọn máa yé sí.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi bí omi ìrẹsì, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ọsibítù. Àdúrà wa á bá yín lọ́nà. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.