Wíwà Níbi Iṣẹ́ Kì Í Ṣe Iṣẹ́: Awọ Sẹ́ẹ̀lì Bacillus Inú Irú

Láti ìgbà ìwádìí S. A. Odunfa ní 1981, kò sí àríyànjiyàn mọ́ pé Bacillus ni ọ̀gá nínú irú. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn aṣáájú wa fà ni bí awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe ń tò nígbà tó bá ń pín.

Ní 2004, Kawai àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi aró NAO kun B. subtilis, wọ́n sì rí cardiolipin, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá inú awọ, ní orí àti ìdí sẹ́ẹ̀lì àti ní ojú ibi tó ti ń pín. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé cardiolipin ló ń yan ojú ìpín. N ò gbà. Wíwà níbi iṣẹ́ yàtọ̀ sí ṣíṣe iṣẹ́. Ẹ yọ jíìnì clsA kúrò: cardiolipin á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà ìdàgbà, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì á máa pín. Aró NAO pàápàá kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dá wa lójú; ìwádìí 2014 lórí E. coli fi hàn pé ó ń lẹ̀ mọ́ phosphatidylglycerol, ọ̀rá awọ mìíràn, náà. Purotéènì DivIVA wà lójú ìpín bákan náà, ṣùgbọ́n láti 2009 la ti mọ̀ pé ibi tí awọ bá ti tẹ̀ ló ń wá lọ. Òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti cardiolipin. Àbí a ti gbàgbé mesosome, àwọn àpò tí a rò pé awọ ká sínú sẹ́ẹ̀lì? Ọdún púpọ̀ la fi ń wá iṣẹ́ fún un torí pé a rí i lójú ìpín, kó tó hàn pé kẹ́míkà tí a fi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì fún maikirosikópù ló dá a.



Ẹ̀rí tí a kò kà sí ni L-form, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ògiri. Ní 2009, Leaver, Errington àti ẹgbẹ́ wọn ní Newcastle fi hàn pé B. subtilis tí kò ní ògiri ń bí sí i láìsí FtsZ, purotéènì tí a mọ̀ mọ́ ìpín sẹ́ẹ̀lì. Ní 2013, Mercier àti àwọn yòókù rí ìdí rẹ̀: awọ tó pọ̀ ju ohun tó bò lọ ni. Níhìn-ín, awọ kò kàn wà níbi iṣẹ́. Òun ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yà B. subtilis 168 tí ilé ìwádìí ń lò ti di ẹran ọ̀sìn; kì í ṣe Bacillus inú irú. Ẹ ṣí igbá onírú kan ní Ìpẹru lọ́jọ́ kẹta: ewé ìbòrí gbóná, irú ń yọ̀ bí ilá, òórùn amóníà ń ta nímú. Bacillus a sì máa pààrọ̀ ọ̀rá inú awọ rẹ̀ bí ooru bá ti yí padà. Awọ Bacillus inú igbá yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Èmi ti gbà ní tèmi pé awọ ni àgbà nínú ìpín sẹ́ẹ̀lì. FtsZ àti ògiri, ẹ̀yìn ni wọ́n dé.