Ìsọdòfin

Ìsọdòfin ni kí àwọn aṣòfin gba àdéhùn tí ìjọba bá ilẹ̀ mìíràn ṣe wọlé, kí wọ́n sì sọ ọ́ di òfin ilé. Títọwọ́ bọ̀wé nìkan kò tó. Abala 12 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 là á mọ́lẹ̀ pé láìsí ìsọdòfin, àdéhùn kò lágbára òfin.

Ẹ wo àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè 44 tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní Kigali lóṣù kẹta ọdún 2018, ṣùgbọ́n àwọn oníléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa fárígá. Oṣù keje ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní Niamey. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ìjọba ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó wà láàárín Nàìjíríà àti Benin, pa, bẹ́ẹ̀ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ti fàyè gba káràkátà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ ẹrù àwọn oníṣòwò Gánà há sójú títì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí àṣẹ ààrẹ nìkan ló ti ẹnubodè náà, àṣẹ ààrẹ náà ló sì ṣí i lóṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn aṣòfin, tí ìsọdòfin wà lọ́wọ́ wọn, kò dìbò sí títì tàbí ṣíṣí náà rárá.