"Bàbá Ti Fún Mi Kí Ó Tó Kú"

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń tú ìpàdé ogún ká nílẹ̀ wa. Òun ni: "Bàbá ti fún mi kí ó tó kú." Bí ẹnì kan bá ti sọ ọ́, àwọn ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé níbo ni Bàbá ti sọ bẹ́ẹ̀, ta ni ó wà níbẹ̀, ìyá ta ni ó sì ń tọ́jú Bàbá nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé olórogún Yorùbá ni ó bí irú ìjà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́dínà, nígbà ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), láàárín àwọn sàábé gan-an.

Bashir ọmọ Sa'd, ọ̀kan nínú àwọn Ansar, ní ìyàwó kan tí ń jẹ́ Amra ọmọ Rawaha. Amra yìí ni arábìnrin Abdullah ọmọ Rawaha, akéwì tí ó kú sójú ogun Mu'ta ní ọdún 629. Obìnrin náà ní kí ọkọ òun ta Nu'man, ọmọ òun, lọ́rẹ nínú dúkìá rẹ̀. Bashir fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ fún ọdún kan. Nígbà tí ó yá, ó gbà, ó fún ọmọ náà ní ẹrú kan. Ìyàwó ní kò tíì tán: àfi kí Ànábì ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Lójú tèmi, ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Lẹ́yìn ikú Bashir, ta ni ìbá já ẹ̀rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní koro?

Bashir fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ànábì. Ànábì kò bi í bóyá tirẹ̀ ni dúkìá náà, nítorí tirẹ̀ ni. Ohun tí ó bi í ni pé ṣé ó ní ọmọ mìíràn. Ó ní òun ní. Ṣé ó fún gbogbo wọn ní irú rẹ̀? Ó ní rárá. Ànábì ní òun kò ní jẹ́rìí sí àbòsí. Ó tún bi í bóyá kò wù ú kí gbogbo wọn máa ṣe dáadáa sí i bákan náà. Bashir padà sílé, ó gba ẹ̀bùn náà padà.

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí hádíìsì yìí. Imam Ahmad ọmọ Hanbal ní ọ̀ranyàn ni kí bàbá ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Malik, Abu Hanifa àti Shafi'i ní ohun tí a kórìíra ni kí ó gbé ọ̀kan ga, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà lè dúró. Èyí tí ó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ẹni tí a ti gbọ́ ìtàn náà. Nu'man fúnra rẹ̀ ni! Ó dàgbà, ó di gómìnà Kufa, orí mínbárì ni ó sì ti ń ròyìn ohun tí ìyá rẹ̀ gbà fún un àti bí a ṣe gbà á padà.

Ìlérí ẹnu tún wà. Umar, tí ó jẹ́ Kàlífà láti 634 sí 644, ráhùn nípa àwọn tí ń fún ọmọ ní nǹkan tí wọn kì í sì í jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá kú, bàbá á ní tòun ni. Bí ikú bá wá kan bàbá, á ní òun ti fún ọmọ. Umar ní ẹ̀bùn tí a kò gbà sọ́wọ́ kò dúró. Malik kọ èyí sínú Muwatta, ọ̀nà Malik sì ni tiwa. Ẹni tí ó bá ka Risala Ibn Abi Zayd, ará Qayrawan tí ó kú ní 996, nílé-kéwú mọ̀ pé bàbá lè bá ọmọ kékeré di ẹ̀bùn mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń gbé. Ẹ wo iye ilé tí a ń jà lé lórí lónìí tó jẹ́ pé inú wọn ni Bàbá kú sí! Èyí tí ó bá sì fúnni lórí àìsàn ikú, wàsíyà ni. Kò sì sí wàsíyà fún ẹni tí yóò jogún, àfi bí àwọn ajogún yòókù bá yọ̀ǹda.

Kí Umar tó sọ tirẹ̀ ni Abubakar ti fi ilé ara rẹ̀ ṣe é. Ó ti fún Aisha ní wasq 20 dàbínù nínú oko rẹ̀ ní Ghaba. Wasq kan jẹ́ sáà 60, sáà kan náà tí a fi ń yọ jákà ìtúnu ààwẹ̀ fún ẹnì kan. Ẹ̀bùn náà tó jákà ènìyàn 1,200. Aisha kò tíì ká a. Nígbà tí Abubakar ń kú lọ ní 634, ó pè é, ó ní kò sí ẹni tí òun fẹ́ kí ó lówó lẹ́yìn òun tó o. Ó ní ká ní ó ti ká dàbínù náà ni, tirẹ̀ ni ìbá jẹ́. Lónìí, ó ti di ti àwọn ajogún: arákùnrin rẹ̀ méjì àti arábìnrin rẹ̀ méjì.

Aisha ní bí ó tilẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní Asma nìkan ni arábìnrin òun. Ta ni ìkejì? Abubakar ní ẹni tí ó wà nínú oyún ìyàwó òun, ọmọ Kharija, ni. Òun rò pé obìnrin ni. Muhammad, ọ̀kan nínú arákùnrin méjèèjì, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò sí èyí tí ó lè bá Aisha jiyàn nínú ọmọdé yìí àti ọlẹ̀ inú. Lẹ́yìn ikú Abubakar ni ìyàwó rẹ̀ bímọ. Obìnrin ni lóòótọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Umm Kulthum.