Ìtàn Àga Inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Àtijọ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni àga inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti wá. Nígbà tí Karl Benz gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1886, irú ìjókòó tí àwọn ọlọ́lá ń lò lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà náà ló gbé sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Hooper àti Barker ti ń kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fún ìdílé ọba tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ sì dé, ẹ́ńjìnnì, férémù irin àti táyà ni Rolls-Royce ń tà. Oníbàárà ló máa gbé e lọ sọ́dọ̀ irú àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn kí wọ́n bá a kan ara ọkọ̀, kí wọ́n sì ṣe inú rẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Títí di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ètò yìí fi wà.

Àga ìgbà náà kì í ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ kan. Igi ni férémù rẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀já tó nípọn há ìdí férémù náà ní ìbú àti òró, wọ́n á to sípíríǹgì sórí ọ̀já, wọ́n á sì fi okùn so wọ́n mọ́ra wọn kí ọ̀kankan má baà yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Aṣọ ìdọ̀họ ni wọ́n ń tẹ́ lé sípíríǹgì. Lẹ́yìn náà ni irun ẹṣin tí wọ́n ti lọ́, tí wọ́n sì ti sè kó lè máa ká kò. Lórí irun ni òwú, lórí òwú ni awọ. Ìṣó wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń kan etí awọ mọ́ igi. Àwọn bọ́tìnnì tó ń pín ojú àga sí dáyámọ́ńdì dáyámọ́ńdì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Okùn tó so bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn àga ló ń di irun ẹṣin mú. Bí kò bá sí i, ìgbọ̀njìgbọ̀njìn ojú ọ̀nà á ti gbogbo irun náà wálẹ̀ sí ìdí àga, ẹ̀yìn ẹni tó jókòó á sì máa gbá igi. Ìdí nìyí tí àtúnṣe tó bá yọ bọ́tìnnì kúrò lára irú àga bẹ́ẹ̀ kì í fi í lálòpẹ́.

Awọ kì í ṣe ti ọ̀gá nígbà yẹn. Ìta, níbi tí òjò àti eruku ti ń bá a, ni awakọ̀ máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀ ńláńlá, awọ nìkan ló sì lè fara da òjò. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ wà lẹ́yìn, lábẹ́ òrùlé, lórí aṣọ wúùlù tó rọ̀, tí kì í tutù lásìkò ọ̀gìnnìtìn. Ẹni tó bá rí Rolls-Royce àtijọ́ tó ní awọ níwájú àti aṣọ lẹ́yìn kò gbọdọ̀ rò pé owó ló tán lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn, àṣìṣe ńlá sì ni láti fi awọ bo ẹ̀yìn náà ní orúkọ àtúnṣe.

Nínú àwọn tó ń pèsè awọ, Connolly ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Àwọn ọmọ ìyá méjì ló dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1878, nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ gba ipò lọ́wọ́ ẹṣin, wọ́n yí ọwọ́ padà. Awọ wọn ló wà nínú Rolls-Royce, Jaguar, Aston Martin àti Ferrari, òun náà ló sì wà lára ìjókòó ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Awọ màlúù láti apá àríwá Yúróòpù ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn, nítorí pé wáyà ẹlẹ́gùn-ún kò pọ̀ níbẹ̀ láti ha ara ẹran, kòkòrò kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n. Ní ọdún 2002 ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ ìṣawọ náà pa. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ti ń fi ojú àti ọwọ́ wá awọ tó sún mọ́ tirẹ̀.

Amẹ́ríkà ni awọ ti kọ́kọ́ rí abánidíje. Ilé-iṣẹ́ DuPont, tó ń ṣe ẹ̀tù, ra ilé-iṣẹ́ Fabrikoid ní ọdún 1910. Aṣọ òwú ni Fabrikoid, tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn títí tó fi dà bí awọ. Kẹ́míkà ọ̀hún sì jẹ́ ọmọ ìyá èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn. Irú awọ àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ bá ọjà Henry Ford mu. Láàárín ọdún 1908 sí 1927, Model T tí Ford ṣe lé ní mílíọ̀nù 15, iye owó rẹ̀ sì wálẹ̀ láti nǹkan bíi dọ́là 850 títí tí ẹ̀yà kan rẹ̀ fi wà lábẹ́ dọ́là 300. Kò sí bí awọ màlúù gidi ṣe lè tó irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní England, Rexine ni orúkọ tiwọn, ìlú Hyde nítòsí Manchester ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ olórùlé gbalẹ̀: ní ọdún 1919, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló ní òrùlé gidi, nígbà tó fi di 1927, ó ti lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Òjò kò bá àga mọ́, aṣọ wúùlù bá tún padà wá, lọ́dọ̀ mẹ̀kúnnù lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun tó wá yí iṣẹ́ náà padà pátápátá ni fóòmù. Ní ọdún 1929, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Dunlop ní Birmingham po oje igi rọ́bà títí tó fi hó, wọ́n sì sè é títí tó fi le: bí fóòmù rọ́bà ṣe dé nìyẹn. Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣe àwárí polyurethane ní ọdún 1937, láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni fóòmù rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe sì bọ́ sí ọjà. Ní ti ìbòrí, Waldo Semon ti rí ọ̀nà láti mú ike PVC rọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1926. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, awọ oníke yìí kún inú ọkọ̀: kì í mu omi, kì í béèrè òróró, aṣọ tútù sì tó láti nù ún. Fóòmù kan ṣoṣo tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù gba iṣẹ́ sípíríǹgì, irun ẹṣin àti òwú. Irú àga tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣe di ohun tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde. Ìtura rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n àìlera wà níbẹ̀: irun ẹṣin tó ti pé àádọ́rin ọdún ṣì ṣeé fọ̀, kí wọ́n sì tún un lò; fóòmù tó ti pé ogójì ọdún máa ń di ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló sáré gba fóòmù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Volkswagen, tó ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ìjàpá ní ilẹ̀ Yorùbá, fi ń lo sípíríǹgì tí wọ́n tẹ́ irun tàbí ihá àgbọn tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ pọ̀ sí lórí. Ìjàpá pọ̀ lójú títì ilẹ̀ Nàìjíríà, pàápàá lẹ́yìn oṣù kẹta ọdún 1975 tí ilé-iṣẹ́ tó ń to Volkswagen ṣí ní Èkó, nínú oṣù kan náà tí ti Peugeot ṣí ní Kàdúná. Àga wọn náà ń gbó. Fóòmù kò ṣòro rí, nítorí pé láti ọdún 1962 ni Vitafoam ti wà ní Ìkẹjà. Ẹ̀gbẹ́ mẹkáníìkì ni àwọn tó ń rán àga ọkọ̀ máa ń wà, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ọ̀bẹ àti gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló ń tú àga Volkswagen akérò tó di dánfó dànù, tí wọ́n ń jó irin, tí wọ́n ń to pákó, tí wọ́n sì ń fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ àti awọ oníke bò ó kí èrò lè pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ aládàáni sì máa ń fi ọ̀rá tó bá àga tuntun wá sílẹ̀ lórí rẹ̀ kó má baà dọ̀tí. Ọ̀rá yìí ló ń ba àga jẹ́ jù: òógùn kò rí ibi gbà, aṣọ abẹ́ rẹ̀ á hu ewú.

Títún inú ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní ìlànà. Aṣọ àjà ọkọ̀ ló máa ń ṣáájú, nígbà tí gíláàsì kò tíì sí lójú fèrèsé. Kápẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e, àga ló kẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀pá irin tín-ín-rín ló gbé aṣọ àjà ró, gígùn wọn kò sì dọ́gba, nítorí náà ẹni tó bá yọ wọ́n láìkọ nọ́ńbà sí wọn lára ti dá wàhálà sílẹ̀. Ní ti àga, wọn kì í ya ìbòrí rẹ̀ dànù. Wọ́n á gé àwọn òrùka irin tó so ó mọ́ férémù, wọ́n á fi ẹfun kọ ọ̀tún àti òsì sí i, wọ́n á tú ojú rírán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ ègé kọ̀ọ̀kan sórí páálí láti fà á. Bí awọ gidi bá ni wọ́n fẹ́ lò, apá tó wà nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn màlúù ni wọ́n ń gé fún ibi tí èèyàn ń jókòó lé, nítorí pé ó le, kì í sì í fà. Awọ ikùn máa ń fà. Ẹ̀gbẹ́ tí ojú kì í tó ni wọ́n ń lò ó sí. Bí ìbòrí bá ti parí, àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka irin dì í, kí wọ́n tó lọ sí etí.

Awuyewuye tó wà láàárín àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ni bóyá kí wọ́n dá inú ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà tàbí kí wọ́n mú un bá ìgbà mu. FIVA, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966, fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Turin ní ọdún 2012. Ìwé náà fi títọ́jú ohun tó wà lára ọkọ̀ ṣáájú pípààrọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí àtúnṣe jẹ́ ohun tí wọ́n lè tú láìba ọkọ̀ jẹ́. Èyí bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí yàtọ̀. Ọdún 1959 ni Volvo mú bẹ́líìtì alápá mẹ́ta tí Nils Bohlin ṣe jáde, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tó fi ààlà sí bí iná ṣe lè yára jó ohun èlò inú ọkọ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọdún 1972. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣì ń gbé ọmọ sínú rẹ̀ nílò bẹ́líìtì àti fóòmù tí kì í tètè gbiná, ohunkóhun tó wù kí ìwé ìtàn rẹ̀ sọ. Ní ti ìbòrí, bí awọ àtijọ́ bá ṣì lè gba òróró àti àwọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí kò bá sì lè gbà á mọ́, kí ẹni tó ni ọkọ̀ gba ìbòrí àtijọ́ náà lọ́wọ́ oníṣẹ́, kó sì tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀, nítorí pé lára rẹ̀ nìkan ni oníṣẹ́ ẹ̀yìn ọ̀la ti lè rí àpẹẹrẹ tó péye.