Ọmọ Tí Ìfun Rẹ̀ Wà Lóde: Ìtàn Omi àti Ọ̀nà ní Ilẹ̀ Ìlàjẹ

Ìtàn tí mo mú wá síwájú yín kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn àwọn ọmọ tí kì í sábà pẹ́ láyé tó láti gba orúkọ ni.

Yorùbá ní orúkọ àmútọ̀runwá fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wáyé. Èyí tí ó bá fi ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Èyí tí ìwọ́ bá wé mọ́ lọ́rùn ni Òjó tàbí Àìná. Èyí tí ó ní ìka mẹ́fà ni Olúgbódi. Samuel Johnson to ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀ fún ọmọ tí a bí tí ìfun rẹ̀ wà lóde. Lójú tèmi, ẹ̀rí ni àìsí orúkọ yìí. Ọjọ́ keje, ìkẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni à ń sọ ọmọ lórúkọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí ọjọ́ náà.

Oríṣi méjì ni àbùkù yìí. Nínú omphalocele, ìfun, nígbà mìíràn ẹ̀dọ̀ pàápàá, ń gba ojú ìdodo yọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bò ó bí àpò. Àìsàn ọkàn àti àbùkù mìíràn sì máa ń bá a rìn. Nínú gastroschisis, ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, lápá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, ìfun sì wà níhòòhò. Èyí ni ó ń dùn mí jù, nítorí pé ara ọmọ náà sábà máa ń pé ní gbogbo ọ̀nà mìíràn.

Nígbà kan rí, ikú ni ó sábà ń gbẹ̀yìn rẹ̀ níbi gbogbo láyé. Ní 1948, Robert Gross ní Boston kọ nípa bí a ṣe lè kọ́kọ́ fa awọ ara bo omphalocele ńlá. Ní 1967, Samuel Schuster fi aṣọ àtọwọ́dá ṣe àpò mọ́ ikùn ọmọ, kí a lè máa ti ìfun wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní 1968, Stanley Dudrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia kéde ọmọ tí ó ń dàgbà lórí oúnjẹ tí a gba inú iṣan fún un. Ogun abẹ́lé ni àwa ń jà nígbà náà.

Ìwádìí tí ìwé Lancet tẹ̀ jáde ní 2021, láti ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74, ka àwọn ọmọ tí ó ní gastroschisis. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, 2 kú nínú 139. Ní àwọn ilẹ̀ tí owó wọn mọ níwọ̀n, tí tiwa wà lára wọn, 97 nínú 304. Ní àwọn ilẹ̀ tálákà, 9 nínú 10. Àwọn tí ó dé ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n sì kà.

Ẹ wá wo Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò kọ́kọ́ gbé ọmọ náà dé Ìgbókòdá, kí ó tó wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa, kí a tó sọ ti Àkúrẹ́ tàbí ti Ilé-Ifẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, ìfun ń gbẹ, ara ọmọ ń tutù, omi ara rẹ̀ ń tán. Bẹ́ẹ̀ ni omi yìí kò le kọjá fún gbogbo ènìyàn. Ní oṣù karùn-ún 1998, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gba Parabe, ibùdó epo Chevron lójú òkun, hẹlikọ́pítà ni ó gbé àwọn ọmọ ogun dé ibẹ̀. Ọ̀dọ́ méjì kú. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní San Francisco dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní 2008. N kò tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí mo ń wò ni hẹlikọ́pítà.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ wa mọ iṣẹ́ wọn: àpò tí a fi ń gba ìtọ̀ ni wọ́n ti fi rọ́pò àpò Schuster nígbà tí kò sí owó. Ṣùgbọ́n wákàtí àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ agbẹ̀bí ni ó wà: kí ó fi ọ̀rá mímọ́ bo ìfun, kí ó tẹ́ ọmọ sí ìhà ọ̀tún kí ìfun má baà lọ́, kí ó mú un móoru, kí ó má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ọ̀rá náà wà lọ́jà Ìgbókòdá.