Ààrò Ojúde: Oúnjẹ Títà àti Ilẹ̀ Ọ̀wọ́n ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà kọ sínú ìwé ìnáwó: ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tí ń dáná tà lójúde wa, àti ohun tí ọ̀wọ́n ilẹ̀ ń fi ojú wọn rí.

Ní 1851, nígbà tí àwọn Òyìnbó fi ìbọn ojú omi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà lọ. Wọ́n padà ní 1862, Olóyè Òṣòdì Tápà sì kó àwọn tirẹ̀ dó síbí. Ibẹ̀ ni orúkọ àdúgbò wa ti wá. Ní 1869, ọdún kan lẹ́yìn ikú Òṣòdì, Ìjọba fún àwọn olórí agbo ilé 21 ní ìwé ilẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kéré, kó rántí pé ẹjọ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1930.

Nínú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, ojúde ni ààrò wà. Ìyá ẹlẹ́kọ, ìyá alákàrà, onírẹsì, wọn kì í san owó ṣọ́ọ̀bù, nítorí ilé bàbá wọn tàbí ilé ọkọ wọn ni. Ohun tó mú kí oúnjẹ wọn pọ́ọ́kú nìyẹn. Àpọ́n tó ń gbé yàrá kan lè jẹun àwìn títí oṣù yóò fi parí. Nínú oṣù Ràmàdáànì, àwọn ìyá yìí ló ń jí ṣáájú gbogbo wa nítorí sààrì.

A ti rí i rí bí irú ààrò bẹ́ẹ̀ ṣe ń kú. Àjọ LEDB, tí Ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàrin Erékùṣù Èkó ní 1955. Nǹkan bí eékà 70 ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì wà. A kò ní purọ́ mọ́ ọn, nítorí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ há gádígádí. Ṣùgbọ́n Òyìnbó kan, Peter Marris, wádìí ọ̀rọ̀ wọn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ó rí i pé ọjà àwọn obìnrin bàjẹ́. Àwọn oníbàárà kò bá wọn kó lọ. Àwọn mìíràn ń wọ bọ́ọ̀sì padà wá tà ní Èkó, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Ọkọ tí kò fún ìyàwó lówó púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí gbogbo bùkátà já lé léjìká.

Lóde òní, kò di dandan kí Ìjọba wó ilé kankan. Ilé tí ogójì ọmọ-ọmọ jọ ni, wọn a gbé e fún akọ́lé. Ìsàlẹ̀ a di ṣọ́ọ̀bù, òkè a di ilé ìkẹ́rùsí. A kò bú wọn, ta ni kò mọ bí ogún pínpín ṣe rí? Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí oníṣòwò aṣọ ń san owó ọdún rẹ̀, apá ẹlẹ́kọ kò ká a. Àwọn kan nínú àwọn tí ń bọ́ wa ti ń sùn ní Ìkòròdú báyìí. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń gbé ìkòkò wọ ọkọ̀, owó ọkọ̀ náà sì wà lórí abọ́ ìrẹsì tí a ń rà.

Nínú àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n yà fún mọ́ṣáláṣí yìí, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló wà níwájú, kí owó lè máa wọlé. Ìpàdé mẹ́ta la fi jà lé e lórí. Nígbẹ̀yìn, a yọ méjì sọ́tọ̀, láìgba kọ́bọ̀, fún àwọn ìyá tí ń dáná lójúde yìí kí a tó wó ilé àtijọ́. Mẹ́rin yòókù wà fún ẹni tó bá lówó. Ẹ bá akápò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ.